Bí a ṣe ń yan ẹni tí a fẹ́ bá jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan

Iná tó lọ ló bí eré yìí. Ọjọ́ Sátidé kan l'Ẹ́bùté Mẹ́ta, àwa márùn-ún wà ní bákónì òkè ilé ọ̀rẹ́ mi tó ń ránṣọ. Wọ́n mú iná lọ, onílé ní òun ò ní epo tí òun máa bù sí jẹnẹrétọ̀, fóònù sì ń kú mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, nítorí gúgúrú ṣì wà nílẹ̀. Ni télọ̀ bá bi wá pé, tí wọ́n bá ní kí o mú ẹnì kan ṣoṣo, òkú tàbí alààyè, tí ẹ jọ máa jókòó láti ìrọ̀lẹ́ títí oorun á fi kùn yín, ta lo máa mú?

Kí ẹnikẹ́ni tó lanu, ìyá rẹ̀ ti pariwo láti inú yàrá: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má pe òkú lórúkọ lálẹ́ o! Bí wọ́n bá dáhùn ńkọ́, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

Láti ọjọ́ náà la ti ń ṣe é, gbogbo Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé orúkọ yá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tí a bá ní kí o sọ ohun tí ìwọ àti ẹni náà máa bára yín sọ láti aago márùn-ún sí aago mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń há. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e ṣe nílé tiyín, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ má ju mẹ́fà lọ, ẹ má sì dín ní mẹ́ta. Ẹni méjì á sọ ọ́ di òfófó. Ẹ wá nǹkan panu, gúgúrú àti ẹ̀pà tàbí bọ̀ọ̀lì, ohun tí ẹnu lè jẹ kó ṣì máa sọ̀rọ̀. A dán èbà wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń jẹ èbà kì í jiyàn, orí ni í máa mì. Ẹ ní ìwé kékeré kan àti bírò.

Àwọn tí ẹ kò gbọ́dọ̀ mú wà o. A yọ àwọn wòlíì àti ànábì kúrò lóṣù kejì, nítorí Mùsùlùmí méjì àti Onígbàgbọ́ mẹ́ta ni wá, a sì fẹ́ máa kíra wa. A yọ olóṣèlú tó bá ṣì wà lórí àlééfà. Ìdí rẹ̀ ò lọ títí. A yọ ẹbí ẹni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnì kan dárúkọ ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé, gbogbo wa la sunkún, a tú ká ní aago méje. Ìyẹn náà dáa, àmọ́ kì í ṣe eré tí à ń wí yìí.

Ní ti ẹjọ́ Màmá, a fàbọ̀ sí pé ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ òkú á kọ́kọ́ ní "kí Ọlọ́run kẹ́ wọn". Màmá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun ò gbà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìbéèrè ni kí o kọ́kọ́ mú

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ẹ̀ẹ̀n... Mandela." Ó dáa. Kí lo fẹ́ bi Mandela? Ó parí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yunifásítì tó wà láàárín wa gan-an nìyẹn. Ó fi Mandela sílẹ̀ lórí ìjókòó bí àlejò tí wọn ò fún lómi.

Yí i po. Kọ́kọ́ wá ohun tó ti ń jẹ ọ́ lọ́kàn látọjọ́ yìí, nínú iṣẹ́ rẹ, nínú ilé rẹ, lójú títì tí ò ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni kí o wá ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, ìbáà jẹ́ gbajúmọ̀ ìbáà má jẹ́.

Àǹtí kan wà nínú wa tó ń ta ẹja yíyan l'Óyìngbò. Ìyọnu tiẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹnu kò pé kí ọjà tì, àwọn kan á máa ta lábẹ́lẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin ṣe ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà. Kò ní orúkọ kankan lọ́kàn. Èmi ni mo sọ fún un nípa Àlímọ̀tù Pelewura, ẹlẹ́ja bíi tirẹ̀ ní ọjà Eréko, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó. Obìnrin náà kò kàwé. Ní 1940, ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Èkó tí owó tó ń wọlé fún wọn bá ju £50 lọ lọ́dún. Òun ló kó obìnrin jáde. Ìjọba sún un sókè dé £200, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, tí ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ní òun ni yóò máa dá iye owó gàrí fún wọn, Pelewura tún kò ó lójú. Ó kú ní 1951.

Ẹ bá rí ojú Àǹtí Ẹlẹ́ja. Kò jẹ́ kí n sinmi. Ta ló ń gbé ìkéde káàkiri ọjà, nígbà tí kò sí fóònù? Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá yẹ àdéhùn, ṣé wọ́n ń gba igbá rẹ̀ ni? Lọ́jọ́ tí ọjà bá tì, ta ní ń gba ẹja tí àwọn apẹja ti kó dé, nígbà tí kò sí yìnyín? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn, bí o kó gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n Àkọkà jọ, kò sí èyí tó máa rò ó kàn. Ẹlẹ́ja ló lè bi ẹlẹ́ja.

Ìwọ̀n tí à ń lò ni mẹ́ta. Bí o kò bá lè kọ ìbéèrè mẹ́ta tí o ò lè rí ìdáhùn wọn lórí Google, fi ẹni náà sílẹ̀, yan ẹlòmíràn.

Ìgbésẹ̀ kejì: bọ́ òkìkí kúrò lára rẹ̀

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èèyàn kan tí mo mọ̀ bá mi ṣe é, mo sì lo ìrọ̀lẹ́ kan pẹ̀lú gbajúmọ̀ kan tí mo ti ń fẹ́ràn láti kékeré. N kò ní dárúkọ. Ilé oúnjẹ kan ní Erékùṣù Èkó la ti pàdé. Ó gbé fóònù mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì, gbogbo wọn dojú sókè. Ẹja àrọ̀ ni mo gbà, odidi, pẹ̀lú orí nínú ọbẹ̀ ata. Bí fóònù kan bá ti tàn, ìmọ́lẹ̀ á bọ́ sínú àwo, ojú ẹja á tàn, ọ̀gá á wo fóònù, èmi á dákẹ́. Á kú, màá tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi. Òmíràn á tàn. Nígbà tó yá, ojú ẹja ni mo ń wò kí n lè mọ ìgbà tí màá dákẹ́.

Fún wákàtí méjì, ohun kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ṣájà wà lọ́wọ́ ẹ?" Ó wà. Mo fún un.

Torí náà, bi ara rẹ léèrè: bí wọ́n bá ní kò sí fọ́tò, pé o kò sì gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé pé ẹ jọ jókòó, ṣé wàá ṣì lọ? Bí ọkàn rẹ bá falẹ̀, fọ́tò lò ń wá. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, ìṣẹ́jú méjì ló ń gbà, kò tó ohun tí a ń fi odidi ìrọ̀lẹ́ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: èdè wo lẹ máa sọ?

Ẹ kì í rántí eléyìí, ó sì ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, tí a ń pè ní Bàbá Rélùwéè nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ̀yìntì, kì í yí ohùn padà. Oṣooṣù ni wọ́n ń mú Pa Michael Imoudu. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣiṣẹ́ rélùwéè l'Ẹ́bùté Mẹ́ta tí kò mú Imoudu, ọmọ àlè ni. Òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kó tó di olórí ẹgbẹ́ wọn. Ìjọba amúnisìn lé e kúrò l'Ékòó lọ sí Auchi ní 1943. Nígbà tó padà dé ní 1945, èrò kún títì lọ pàdé rẹ̀. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà fi daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó ọjà rà mọ́, wọn ò sì padà síbi iṣẹ́ fún ohun tó ju oṣù kan lọ. Ọdún 1902 ni wọ́n bí i, 2005 ló tó kú. Ìbéèrè Bàbá Rélùwéè kò le: lọ́dún méjì tí wọ́n fi lé yín kúrò nílùú, ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ?

Àǹtí Ẹlẹ́ja ní, "Bàbá, ará Ora ni wọ́n, lọ́wọ́ Ẹdó lọ́hùn-ún. Èdè wo lẹ máa bá wọn sọ?"

Bàbá wò ó bí ẹni wo ọmọdé. "Pijín. Kí ni èdè rélùwéè?"

Ó yege. Ọmọ yunifásítì ni tiẹ̀ mì. Lẹ́yìn tí Mandela já sófo, ó wá ìbéèrè. Ó ń gbé nínú yàrá tí omi kì í yọ, ọwọ́ mẹ́ruwà ló ti ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi iye lé omi l'Ékòó. A tọ́ka Candido da Rocha sí i, tí ilé rẹ̀ ní Kakawa ní Erékùṣù di èyí tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi, torí kànga rẹ̀ tí àwọn ará Èkó ti ń ra omi. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Iléṣà tí wọ́n mú lẹ́rú lọ sí Brazil, tó padà wálé. Ní Bahia ni wọ́n ti bí Candido ní 1860, Èkó ló sì kú sí ní 1959. Ìjẹ̀ṣà ni kí ẹ sọ ni tàbí Potogí? Ọmọ yunifásítì kò gbọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. A ní kó ṣe Yorùbá Èkó, kó rọra máa sọ ọ́, kó má máa fi ti Gẹ̀ẹ́sì há a. A ká aago sílẹ̀ fún un. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tó fi ní, "So, actually..." A dá a padà sẹ́yìn.

Ìdánwò yìí le jù fún ẹni tó bá fẹ́ mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni, tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n tà dé Èkó, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì kú l'Ékòó níbí ní 1891. Ní 1843 ló ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, òun ló sì ṣíwájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. O máa jókòó síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, wàá ní "mo fẹ́ ask yín question kan"? Kí o tó mú un, ka orí kan nínú Bíbélì àtijọ́ sókè ketekete. Bí ahọ́n rẹ bá kọsẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, dúró dé oṣù tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ka wákàtí, ka ọ̀nà

Ìrọ̀lẹ́ Èkó kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ibòmíràn. Bí ẹni rẹ bá wà ní Erékùṣù tí ìwọ wà ní Yábàá, Third Mainland wà láàárín yín, kìlómítà 11.8, èyí tó gùn ju ìrìn àjò ẹlòmíràn lọ bí ọjọ́ bá jẹ́ Fraidé. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí rẹ̀ ní 1990 ni ó ti ń jẹ ìrọ̀lẹ́ àwọn èèyàn. Torí náà ni a fi ń ṣe ìdánwò dáńfó. Gbé ẹni tí o yàn sínú dáńfó, ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, sún un mọ́ra, kí o wá tì yín mọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún wákàtí kan ààbọ̀. Ẹnì kan ń tajà ìpara níwájú, ẹnì kan ń wàásù. Ṣé ẹ ṣì máa ní ọ̀rọ̀? Àbí tí ẹ ò bá ní ọ̀rọ̀, ṣé ìdákẹ́jẹ́ yẹn á rọ̀ yín lọ́rùn? Mo ti rí ẹni tó yan akọ̀wé ńlá, tó gbé e sínú dáńfó lọ́kàn rẹ̀, tó sọ fúnra rẹ̀ pé "rárá, á bá mi jà".

(Bí ẹni rẹ bá jẹ́ ará ayé Crowther, rántí pé kò sí afárá kankan tó so Erékùṣù mọ́ Ìddó nígbà ayé wọn. Ní 1901 ni Carter Bridge tó wà. Ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé e wá bá ọ, àbí ìwọ lo máa lọ bá a.)

Ibi tí télọ̀ ti ṣubú nìyí. Fẹlá ni tiẹ̀. Fẹlá ni ti gbogbo ènìyàn, láìsí àní-àní. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sí Tafawa Balewa Square ní 1997, gbogbo Èkó ló jáde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n òru ni Fẹlá fi ń ṣiṣẹ́. Ní aago méje ìrọ̀lẹ́, tí o bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ n'Íkẹjà, kò tíì sí ohun kankan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ló máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Yábìsì lò ń lọ gbọ́, wàá jókòó bí àwọn èrò yòókù. Mo ní kí télọ̀ mú ìbéèrè rẹ̀ jáde. Ó ronú, ó fọwọ́ nu ojú, ó wá ní, "Àwọn ṣòkòtò tó mọ́ ọn lára pinpin yẹn, tí wọ́n kó iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí láti orí dé ẹsẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń rán an tí kò fi ń fàya bó bá ń jó? Aṣọ wo ni? Ṣé ó máa ń dúró kí wọ́n wọ̀n ọ́n?"

Gbogbo wa ló ké è é! Kì í ṣe Fẹlá ló fẹ́ rí. Télọ̀ Fẹlá ló ń wá. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé: "Télọ̀ tó rán ṣòkòtò Fẹlá." Títí di òní, mi ò tíì rí ìyàn tó dára tó èyí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi ìjókòó àti ohun jíjẹ

Èyí kò gbọdọ̀ gba àkókò. Ibi tí ara ti máa rọ̀ ẹni náà ni kí o mú. Ẹnì kan fẹ́ gbé Herbert Macaulay lọ jẹ súyà ní Freedom Park ní Broad Street, ibi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010. Ọkùnrin tí ìjọba amúnisìn jù sẹ́wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì! Ta ní í gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà sẹ́wọ̀n nítorí súyà? Ẹ jókòó sílé rẹ̀, Kirsten Hall, kó ta gòjé fún yín.

Oúnjẹ, ohun tí òun náà mọ̀ ni. Bí o bá pe ará Pópó Àgùdà bíi da Rocha, ẹ̀wà pẹ̀lú omi àgbọn, fréjọ̀n, ni kí o sè, pàápàá bó bá bọ́ sí Fraidé Rere. Má gbé ẹja tó ti sùn síwájú Pelewura.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí o ṣe máa là á lẹ́nu

A kì í bi àgbà ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá. Gbogbo ìbéèrè rẹ ti wà lọ́kàn, ó dáa, ṣùgbọ́n o kò ní kó wọn dà sílẹ̀ bí ẹni da ẹ̀wà. Dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ dáadáa. Kí wọn kú ọjọ́, kí wọn kú ìnáwó ìrìn. Bí o bá mọ oríkì wọn, sọ ìlà méjì péré, kí wọ́n mọ̀ pé o mọlé. Ìdajì wákàtí ti lọ nìyẹn, má sì kánjú. Inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn.

Lẹ́yìn náà, ọgbọ́n kan wà tí mo ń lò fún alààyè, tó dájú pé á ṣiṣẹ́ fún òkú. Sọ ìtàn náà fún wọn, ṣùgbọ́n ṣì í sọ níbì kan. Díẹ̀ ni o. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tó jẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní àwọn mẹ́rin ló lọ, nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́fà. Àgbà lè kọ̀ láti dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n kò sí àgbà tó lè jókòó kí ọmọdé máa ba ìtàn òun jẹ́ lójú òun. Wọ́n á ní, "Ta ló sọ fún ẹ? Gbọ́ mi dáadáa." Fà sẹ́yìn lórí àga rẹ, kí o má tún sọ nǹkan kan mọ́. Bí mo ṣe gbọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rélùwéè lẹ́nu Bàbá nìyẹn. Wọn ò tíì mọ̀ pé mò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Bí wọ́n bá ka èyí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ìgbésẹ̀ keje: gbèjà ẹni rẹ

Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ti yàn, ẹ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ìdí rẹ̀, àwọn yòókù lè bi í ní ohun mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ẹ dìbò. O kò gbọ́dọ̀ dìbò fún ara rẹ. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ló máa ra gúgúrú oṣù tó ń bọ̀. Èmi ti ra gúgúrú yìí títí.

Oṣù tó kọjá, mo mú Dókítà Ògúntọ́lá Ṣàpárà. Ìlú Freetown ni wọ́n bí i sí ní 1861, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, orúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ sì ni Alexander Johnson Williams, kó tó bọ́ ọ sílẹ̀ bí ẹ̀wù tí kò bá a lára mu. Ó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wọ iṣẹ́ ìjọba l'Ékòó ní 1896. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Christopher Sapara Williams, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Nígbà ayé dókítà yìí, àrùn kan ń pa èèyàn l'Ékòó, èyí tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, tí n kò ní kọ síbí torí pé ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ ọ́. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni kí n pè é. Ó fura pé àwọn abọrẹ̀ rẹ̀ fúnra wọn ń tan án kálẹ̀. Kò dúró sí ọsibítù kó máa fura. Ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ náà, ó bá wọn ṣe é, ó rí i pé èèpá ara aláìsàn ni wọ́n ń kó tí wọ́n fi ń ran ẹlòmíràn. Nígbà tó jáde, ìjọba fòfin de ẹgbẹ́ náà.

Mo ní nínú ìbéèrè mẹ́ta mi, ọ̀kan ló jẹ mí lọ́kàn jù: nígbà tí wọ́n ní kí ẹ búra, Dókítà, kí lẹ sọ? Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa dalẹ̀. Ṣé ẹ búra tọkàntọkàn ni, àbí ẹ sọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ikùn?

Bàbá Rélùwéè ká apá aṣọ wọn sókè. Àpá roboto kan wà ní èjìká, ó fẹ̀ bí owó kọ́bọ̀ àtijọ́, ó rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ ní àárín. "Tirẹ̀ rèé. Wọ́n to wa sí àgbàlá ilé ìwé fún abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, mo sá, wọ́n lé mi mú." Nàìjíríà rí i gbẹ̀yìn ní 1970, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti kúrò láyé. Ọmọ yunifásítì fọwọ́ kan àpá náà. Irú rẹ̀ kò sí lára tirẹ̀.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà sún. Màmá télọ̀ ló jáde, tí kò jáde rí láti ìgbà tí a ti ń ṣe eré yìí. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí télọ̀ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé. Ojú wọn súnmọ́ làǹtánì. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ní àwọn ojú kéékèèké bí ti ilẹ̀ tí òjò pa, mo sì rò pé ọjọ́ ogbó ni.

"Ta ló ní òun fẹ́ bi í ní nǹkan?"

Mo ní èmi ni, Màmá.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú. Èmi dìde. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sunkún o, pé ká dúpẹ́. Alápadúpẹ́ ni wọ́n ń pè é, ṣé ẹ gbọ́? Ìyá mi dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́. Wọ́n wá kó gbogbo ẹrù rẹ̀, títí kan aṣọ ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un, wọ́n ní ti Bàbá ni." Wọ́n sinmi díẹ̀. "Kọ tèmi náà sínú ìwé yẹn. Bi í pé àwọn aṣọ tí wọ́n máa ń kó, ṣé wọ́n ń sun ún ni, àbí wọ́n ń wọ̀ ọ́? Òun ló wọ inú wọn. Á mọ̀."

Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ tèmi. A ò rántí dìbò lọ́jọ́ náà. Màmá dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán kí wọ́n tó yíjú padà.

"Bó bá sì ń bọ̀, ẹ ní kó wá lọ́sàn-án."